Tábìlì Àwọn Tó Sọnù ní Mínà

Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin

Ẹ dákẹ́! Ẹ̀yin ará Ìwó, ẹ pa rédíò yẹn kẹ́ ẹ sún mọ́bí. Amna àbúrò mi, gbé ọmọ yẹn sílẹ̀ kó o gbọ́ mi dáadáa. Èmi Ṣìkẹ́ ni mò ń sọ̀rọ̀ láti Jíddà nínú fóònù. Mi ò mọ̀wé, ẹ mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò kú. Rumaysa ló fi ibi tí n ó máa tẹ̀ hàn mí. Ó ní tí mo bá ti tẹ pupa yẹn, kí n máa sọ̀rọ̀ lọ, fóònù á gbà á sílẹ̀. Wọ́n ní kí òun náà máa kọ ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́ títí ẹ̀kọ́ yẹn á fi parí. Mo ní ó dáa, ìwọ máa kọ tìẹ, èmi á máa sọ tèmi, ká wo ẹni tó máa ríran jù.

Ẹ̀kọ́ wo? Ẹ̀kọ́ aṣáájú ni. Àjọ kan ló ń ṣe é níbí. Wọ́n ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, dókítà, lọ́yà, tíṣà, ẹnjiníà, wọ́n á kọ́ wọn fún oṣù méjì ó lé díẹ̀ bí èèyàn ṣe ń tún ìlú ṣe láìjẹ́ pé wọ́n fi í joyè. Ó lé ní irínwó èèyàn tó kọ̀wé sí wọn. Méjìlá ni wọ́n mú. Rumaysa, nọ́ọ̀sì, ọmọ Jamaldeen ọmọ mi, wà nínú méjìlá yẹn! Ẹ jẹ́ n mí díẹ̀.

Jamaldeen bàbá ẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe káàkiri àdúgbò Nuzlah yìí, bó ṣe gbọ́ báyìí, ó dìde. Ó kàn wọ bálùwẹ̀, ó ṣí omi. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Màmá, eruku ló kó sí mi lójú."

Eruku inú bálùwẹ̀.

Àtìní, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin

Eruku bo Jíddà látàárọ̀. Mi ò rí ilé tó kọjú sí tiwa. Rumaysa ṣì lọ.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn. Olúkálukú á mú ìṣòro kan láàárín ìlú, á wá nǹkan ṣe sí i, àwọn tí ìṣòro náà ń bá fínra gan-an á sì jẹ́rìí pé ó ṣe é. Ọ̀gá wọn ni Noura, obìnrin ará ibí kan báyìí, kò ga, kì í pariwo. Ó ní òun ò fẹ́ ìwé gígùn. Ó ní òun fẹ́ rí ojú àwọn tí nǹkan sàn fún.

Rumaysa mú àwọn arúgbó tó ń sọnù ní Mínà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe hájì, ẹ mọ̀. Àgọ́ funfun lọ súà, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Èèyàn á ní kóun lọ tọ̀, kó tó yíjú padà, ó ti bá ara ẹ̀ láàárín àwọn ará Ṣáínà. Lọ́dún témi àti Bàbá Jamaldeen ṣe tiwa, Ọlọ́run á kẹ́ ẹ, mo sọnù láti àárọ̀ títí di àsárì. Àwọn ará Sudan ló fún mi lómi mu. Ìtàn yẹn ni mo sọ fún Rumaysa nígbà tó wà ní kékeré. Mi ò mọ̀ pé ó ń gbé e pamọ́.

Ohun tó fẹ́ ṣe rèé. Yóò tẹ́ tábìlì kan sí Mínà lábẹ́ ìbòòji, pẹ̀lú àga, omi, àti àwọn tó gbọ́ èdè: ẹni tó gbọ́ Yorùbá, ẹni tó gbọ́ Haúsá, ẹni tó gbọ́ èdè àwọn ará Indonesia. Wọ́n á bi ẹni tó sọnù léèrè, wọ́n á kọ ọ́ sínú fóònù, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn olórí àgọ́, ẹni tó ni ín á wá mú un.

Ẹnì kan wà nínú wọn, Turki, lọ́yà ni, ọmọ ìlú gan-an. Òun náà mú ti Mínà, ṣùgbọ́n inú fóònù ni tiẹ̀ wà pátápátá. O kàn máa tẹ orúkọ, á sọ ibi téèyàn wà fún ẹ. Rumaysa ní ó mọ iṣẹ́. Mo rí i nínú fídíò. Ó mọ̀ pé òun lẹ́wà.

Rumaysa ń fi èmi dánra wò. Ó dúró lé mi lórí pẹ̀lú fóònù. "Kí lorúkọ? Ọmọ ọdún mélòó? Kí lorúkọ ọkọ? Nọ́ńbà àgọ́ ńkọ́?"

Mo ní, "Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni?"

"Sittì, bí wọ́n ṣe kọ fọ́ọ̀mù nìyẹn."

Sittì ló ń pè mí, bí àwọn ọmọ ibí ṣe ń pe ìyá àgbà wọn. Yorùbá ẹ̀ ń tiro, àmọ́ ó ń rìn.

Iṣu kan ní ọjà Sharafiyah ti di ríyàl márùndínláàádọ́ta. Mo bi ọkùnrin tó ń tà á bóyá orí àga ló jókòó sí nínú bàálù tó gbé e wá. Kò rẹ́rìn-ín. Mi ò rà á.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún

Àwọn àlàájì tiwa ti ń balẹ̀. Wọ́n ní kí Rumaysa lọ dán àwọn ìbéèrè ẹ̀ wò ní Mẹ́kà lọ́jọ́ Àtàláátà, lára àwọn ìyá àgbà mẹ́wàá láti Ṣakí, Noura á sì jókòó wò ó. Ó ra híjáàbù tuntun. Mo ní kó bọ́ ọ, kó wé èyí tó ti mọ́ ọn lára, kó má bàa máa fọwọ́ tún un ṣe níwájú èèyàn.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún

Nǹkan ò dáa lónìí o.

Bó ṣe wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sí ilé ìdáná, ó gbórí lé tábìlì. Mo fi í sílẹ̀. Mo bu omi fún un. Ìgbà tó yá, ó sọ ọ́.

Ó ní nínú ìyá mẹ́wàá, mẹ́fà ò lè dárúkọ ọkọ wọn. Ọkọ tí wọ́n jọ wọ bàálù wá! Ó bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń wolẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ nọ́ọ̀sì, kí lo fẹ́ rò? Ó kọ "ìgbàgbé" síwájú orúkọ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó lọ bá olórí wọn, Àlàájì Tawfiq, ó ní kí wọ́n tètè mú wọn lọ rí dókítà, pé orí wọn ń lọ.

Háà! Àlàájì Tawfiq gbaná jẹ. "Àwọn ìyá wa lò ń pè ní wèrè? Ìwọ tí wọ́n bí sínú amúlétutù?" Ó fẹjọ́ sun Noura. Noura ò bá Rumaysa wí níbẹ̀. Inú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ ló tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àwọn èèyàn tìẹ gan-an lo ṣì mọ̀ yìí. Ta ló máa wá gbà ẹ́ gbọ́? Lọ tún un ṣe kí Sátidé tó kọjá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa fi tábìlì ẹ kún iṣẹ́ Turki, wàá máa bá a pín omi."

Ọmọ mi, pínpín omi.

Mo ní, "Ka ohun tí àwọn ìyá yẹn sọ fún mi."

Ó fa fóònù yọ, ó ń ka á bí ẹni ń ka èsì àrùn. "Orúkọ ọkọ: Bàbá wa. Orúkọ ọkọ: Olówó orí mi. Orúkọ ọkọ: òun ló jókòó sẹ́yìn yẹn, bi í fúnra ẹ. Orúkọ ọkọ: Bàbá Ìdáyá. Orúkọ ọkọ: ó rẹ́rìn-ín. Orúkọ ọkọ: ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn bojú."

Ẹ̀yin ará Ìwó, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Inú bí i.

"Sittì, kò pa mí lẹ́rìn-ín o!"

Mo ní, "Rumaysa, kí ni mo máa ń pe bàbá àgbà ẹ?"

"Bàbá Jamaldeen."

"O gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu mi rí?"

Ó ní, "Ara ìkámà ẹ̀, ìwé ìgbélùú ẹ̀, ni mo ti rí i."

"Ọdún mẹ́tàlélógójì la fi gbé pọ̀. Mo fọ aṣọ ẹ̀, mo bí ọmọ fún un, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sí Jíddà níbí. Orúkọ yẹn ò jáde lẹ́nu mi rí. Ṣé mo gbàgbé ni?"

Ó tún wo fóònù ọwọ́ ẹ̀. Ó ní, "Sittì, mo ti kọ ọ́ pé orí wọn ò pé."

"Bẹ́ẹ̀ ni. O sì máa lọ pa á rẹ́ lójú wọn."

Àlàmísì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún

A jókòó sórí ẹní, a tún ìbéèrè tò. Mò ń sọ, ó ń kọ. Má bi obìnrin léèrè orúkọ ọkọ. Bi í pé, ta ni àkọ́bí yín? Kí làwọn ọmọ ilé ń pè yín? Ẹ̀gbẹ́ ta lẹ jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì? Kí lẹ jẹ láàárọ̀, ta ló sè é? Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ kan náà kò ní jìnnà sí i.

Ó ní, "Eléyìí ti gùn jù, Sittì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo ṣètò fún ẹnì kan."

Mo ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó ò rí nǹkan kan gbà, àbí mẹ́wàá tó o mú un délé?"

Ó kọ mẹ́wàá.

Mo tún ní kó má dúró lé wọn lórí mọ́. Kó jókòó sílẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún

Mo dé Mẹ́kà lónìí! Noura ló bá mi gba tasríìhì, ìwé àṣẹ ìwọlé, ọjọ́ kan péré, kí n lè ṣe ògbufọ̀. Àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn bí ẹni ń yẹ owó wò.

Ilé tí àwọn ará Ṣakí dé sí, àwọn ìyá ti tẹ́ ẹní sí ọ̀ọ̀dẹ̀ àjà kẹrin, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní yàrá ti tutù jù. Rumaysa kúnlẹ̀ síwájú wọn. Kò fara mọ́ ògiri, kò wẹ̀yìn wò mí. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, mo ti ṣẹ̀. Mo rò pé ẹ ti gbàgbé, èmi ni mi ò mọ̀. Ẹ forí jì mí." Gbogbo ẹ̀ ní Yorùbá. Kò fi Lárúbáwá kan lú u.

Wọ́n gbọ́wọ́ kúrò nínú ẹ̀wà.

Àlàájà kan, Munirah lorúkọ ẹ̀, ó sanra, kò léyín iwájú, ó bọ́ àwò ojú ẹ̀. Ó ní, "Ṣé ìwọ ni dókítà tó ní orí mi ti lọ?"

"Nọ́ọ̀sì ni mí, mà."

"Nọ́ọ̀sì. O ti lọ́kọ?"

"Rárá, mà. Mi ò tíì lọ́kọ."

Àlàájà Munirah yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ rí i bí? Ẹ jẹ́ ká foríjì í. Ibo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

Ẹ̀rín gba gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀! Ọ̀kan fi ẹ̀wà jù ú. Òmíràn ní òun ní ọmọkùnrin kan ní Ìbàdàn tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì. Rumaysa náà ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní láàárín wọn, ó gba àtẹ ẹ̀wà, ó ń bá wọn ṣà á, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè tuntun. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dáhùn. Wọ́n tiẹ̀ sọ ohun tí kò bi wọ́n.

Noura dúró sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n sọ ohun tí wọ́n ń wí fún òun. Mo fi Lárúbáwá ọjà mi sọ ọ́, ọkọ, orúkọ, ìtìjú, gbogbo ẹ̀. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí. Ó ní, "Bàbá tèmi náà kì í pe orúkọ ìyá mi níta. 'Àwọn ará ilé' ló ń pè é. Mo wá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Àtàláátà, kò wá sí mi lọ́kàn."

Mo fẹ́ràn ẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀gá tó lè sọ pé òun náà ò rí i, ọ̀gá ni.

Ṣùgbọ́n kò fi ojú rere bo iṣẹ́ o. Ó pe Rumaysa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Èyí dáa. Àmọ́ inú ilé tó tutù la wà, ẹ̀wà wà lọ́wọ́ wọn, ọkàn wọn sì balẹ̀. Oòrùn ni Mínà, ẹ̀rù ni. Tí tábìlì yìí bá dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ níbẹ̀, ìwọ lo ni ín. Tí kò bá dúró, ti Turki la máa tẹ̀ lé."

Rumaysa ní, "Ó máa dúró."

Ẹ wo ọmọ tí kì í lè pe dírẹ́bà takisí lánàá.

Àlàrùbá, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún

Wọn ò fún mi ní tasríìhì ti Mínà. Wọ́n wo ọjọ́ orí mi, wọ́n wo orúnkún mi. Inú bí mi láti ìdájí títí mo fi jẹun ọ̀sán. Rumaysa ní kí n gbé fóònù sọ́rùn, kí n má jẹ́ kí iná ẹ̀ tán. Jamaldeen so okùn sí i fún mi. Mo ń rìn káàkiri ilé bí olùdarí ọkọ̀ òfurufú.

Ooru yìí ò bojú wẹ̀yìn. Bàtà rọ́bà tí mo sá síta ti tẹ̀.

Àlàmísì, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà

Arafa. Mo gbààwẹ̀. Mo gbàdúrà fún gbogbo yín lórúkọ lórúkọ, mo sì gbàdúrà fún tábìlì kan àti àga mẹ́fà.

Sátidé, ọjọ́ keje oṣù kẹfà

Ẹ jókòó dáadáa fún eléyìí.

Látàárọ̀ ni Rumaysa ti ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ti mú ẹni mẹ́rìnlá délé àgọ́. Ẹni ogún. Inú mi ń dùn, mo ń bá ẹran ọdún tó kù jà. Nígbà tó di bí agogo kan ọ̀sán, fóònù ké, fídíò ni. Ojú Rumaysa dúdú nínú oòrùn, ètè ẹ̀ ti gbẹ.

"Sittì, eléyìí ò fọhùn. Ó ti tó wákàtí mẹ́ta."

Ó yí fóònù sí i. Ìyá kékeré kan báyìí, ó jókòó sórí àga bí ẹni tí wọ́n gbé kalẹ̀ síbẹ̀. Káàdì ọrùn ẹ̀ ti já bọ́ sọnù, ó wọ bàtà lẹ́sẹ̀ kan, èkejì ò sí. Wọ́n ní lójú ọ̀nà ibi òkò láàárọ̀ ni èrò ti ya òun àti baálé ẹ̀ sọ́tọ̀. Àkọ́bí ẹ̀ nìkan ló dá, pé Nuh ni. Wọ́n ti pe "Ìyá Nuh" káàkiri àgọ́ tiwa. Ìdílé mẹ́ta ló sáré wá, wọ́n wò ó, wọ́n ní kì í ṣe tàwọn. Bí wọ́n ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà ń kéré sí i.

Ohun tó tún wá burú ni pé Noura ti dé. Ó dúró lẹ́yìn wọn, ó ń wò. Ọjọ́ àyẹ̀wò lọjọ́ náà.

Mo ní, "Rumaysa, gbé fóònù yẹn sún mọ́ ọwọ́ ẹ̀."

"Ọwọ́ ẹ̀?"

"Ọwọ́ ẹ̀ ni mo wí."

Mo wo àwọn ìka yẹn. Wọ́n le ní ibi tí òwú máa ń gbà kọjá, bí ìka ìyá tó bí ìyá wa, Amna, o rántí. Òwú ti gé ojú ibẹ̀ di ihò kékeré. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá mi. Ṣé Ìsẹ́yìn lẹ ti wá? Ṣé aṣọ lẹ̀ ń hun?"

Ó gbórí sókè! Ó ń wá ibi tí ohùn ti jáde.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Ṣìkẹ́ ni, ọmọ Ìwó. Jíddà ni mo wà. Mo ti sọnù níbi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn rí. Àwọn ará Sudan ló fún mi lómi."

"Ṣé wọ́n rí ẹ?"

"Àbí ẹ ò rí mi báyìí ni?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Ramla lorúkọ ẹ̀. Ó ní baálé òun ò jẹun láàárọ̀, pé ọwọ́ òun ni oúnjẹ wà, àti pé ojú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ẹ gbọ́ mi, kì í ṣe tara ẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

Mo ní, "Àlàájà, mi ò ní bi yín lórúkọ ẹ̀. Tó bá jí láàárọ̀, báwo lẹ ṣe máa ń kì í?"

Ó wolẹ̀. Ó nu imú ẹ̀. Ó wá gbé e, jẹ́jẹ́ báyìí: "Àkànní o, ọmọ ahunṣọ fádé. Ọmọ òwú funfun kún ojúde bàbá ẹ̀. Àkànní tí kì í bínú sùn..." Ohùn ẹ̀ já. Kò lè lọ mọ́.

Rumaysa, ọmọ tí wọ́n bí sínú amúlétutù, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó lọ sí gbogbo àgọ́ agbègbè yẹn wá, ó fi fóònù sí i lẹ́nu. Ó ní, "Sittì, ẹ bá a gbé e."

Ẹ̀yin ará Ìwó, ilé ìdáná ni mo wà, nínú Nuzlah, epo ẹran wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e! "Àkànní o! Ọmọ ahunṣọ fádé! Ọmọ òwú funfun kún ojúde bàbá ẹ̀! Àkànní tí kì í bínú sùn!" Ohùn mi ń lọ káàkiri Mínà. Jamaldeen sáré jáde láti yàrá, ó rò pé mo ti ṣubú.

Àgọ́ tí Turki ti ń tẹ fóònù ẹ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán lọ́hùn-ún. Bàbá kan ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀. Turki ti tẹ orúkọ ẹ̀ sínú fóònù, Abdulganiyu, fóònù sì ti mú Abdulganiyu mọ́kànlélọ́gbọ̀n jáde fún un. Wọ́n gbé ìrẹsì fún bàbá náà, ó kọ̀, ó ní ìyàwó òun ò tíì jẹun. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi, Turki ní ó fò dìde, ó ń na ọ̀pá. Ó ní, "Ta ló ń kì mí? Ohùn ìyàwó mi kọ́ nìyẹn! Obìnrin wo ló ń kì mí ní Mínà?"

Turki ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan ọkùnrin yìí. Ó dì í lọ́wọ́ mú, ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ mú un rìn nínú oòrùn wá sí tábìlì Rumaysa. Fídíò ṣì wà lórí. Mo rí wọn. Ṣé ẹ rò pé wọ́n dì mọ́ra? Bàbá dúró, ó wo ẹsẹ̀ ìyàwó ẹ̀. Ó ní, "Bàtà ẹ dà?"

Àlàájà Ramla ní, "Ẹ ò jẹun."

"Mo bi ẹ́ léèrè bàtà."

"Ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹun ná."

Ó jókòó. Ìyá náà tú ìdì oúnjẹ yẹn, ó ń fi sí i lọ́wọ́. Ìgbà tó jẹun díẹ̀, bàbá ní, "Ta ló ń kì mí?" Ìyá náà nawọ́ sí fóònù. Bàbá wò mí, ó fojú kékeré wò mí. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ẹ ti pariwo jù." Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Nuh. Mi ò ní dán an wò mọ́."

Mo wo Noura lẹ́yìn wọn. Ó ti bọ́ bàtà ara ẹ̀, ó ń fi wọ Àlàájà Ramla lẹ́sẹ̀.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà

Ohùn mi ti há. Mo sùn títí oòrùn fi là.

Àlàrùbá, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà

Òní ni. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí láti agogo mẹ́wàá, Noura àti àwọn àgbà àjọ wọn, wọ́n ń pe àwọn méjìlá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò gba ìdílé láyè. Tábìlì á dúró fúnra ẹ̀ ni, àbí wọ́n á fi kún ti Turki. Jamaldeen lọ ṣiṣẹ́, ó gbàgbé àpótí irinṣẹ́ ẹ̀ sílé. Ẹ rí i bó ṣe rí.

Kí n má parọ́, iye èèyàn tí fóònù Turki bá rí pọ̀ ju ti Rumaysa lọ fíìfíì. Tí wọ́n bá ń ka orí, a ti tán. Rumaysa mọ̀. Láàárọ̀ yìí tí mò ń bá a wé híjáàbù, mo ní, "Kí lo máa sọ fún wọn?" Ó ní, "Ohun tí mo ṣe ni mo máa sọ, títí kan 'ìgbàgbé' tí mo kọ." Mo ní, "O máa sọ ìyẹn náà?" Ó ní, "Sittì, ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́."

Mi ò lè jẹ ohunkóhun látìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ fún yín, ohun yòówù tí wọ́n bá sọ nínú yàrá yẹn, mo ti rí tèmi. Mo ti rí ọmọ mi tó kúnlẹ̀ níwájú àwọn tó ṣẹ̀, tó dìde, tó tún iṣẹ́ ṣe, tó fi ohùn arúgbó sínú ẹ̀rọ láìgbàṣẹ. Aṣáájú wo ni wọ́n tún fẹ́ kọ́? Ọdún tí Bàbá Jamaldeen ń ru sìmẹ́ǹtì ní Mẹ́kà, ó wọlé lọ́jọ́ kan, ó sọ fún mi pé...

Ẹ dúró. Ta ló ń gun àtẹ̀gùn yẹn?

"Sittì! Sittì, ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Ó ṣí sílẹ̀, ta ló tì í? Rumaysa, kí ló dé, kí ni wọ́n wí?

"Tèmi ni! Tábìlì mẹ́rin lọ́dún tó ń bọ̀, èmi ni n ó darí gbogbo ẹ̀! Nígbà tí wọ́n pe gbogbo wa wọlé, Turki ló dìde fúnra ẹ̀, ó ní fóònù òun á máa ṣiṣẹ́ fún tábìlì wa, òun á wá wà lábẹ́ mi!"

Ọlọ́run mi o! Wá ńbí. Wá ńbí, Àbẹ̀kẹ́ mi. Jẹ́ n wo ojú ẹ.

"Sittì, ẹ tètè, wọ́n wà nísàlẹ̀."

Àwọn wo?

"Gbogbo wọn. Noura, Turki, àwọn yòókù nínú àwa méjìlá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wá kí yín."

Méjìlá! Tí mi ò sì tíì wé gèlè! Gbé ẹní yẹn kúrò nílẹ̀, kí lo fẹ́ kí wọ́n jẹ, kó ìrẹsì yẹn síná... ẹ máa bọ̀ o, ẹ káàbọ̀, ẹ gòkè wá! Rumaysa, pa fóònù yìí fún mi, mi ò rí pupa yẹn...